Òjò Dídì Tó Ń Rùn Bí Ẹja

Àbdùlbàkí kò rí òjò dídì rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ní Adjamé títí di ọjọ́ tí wọ́n sin ín, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, òjò tó mọ̀ kò ju èyí tó ń rọ̀ ní Abidjan lọ, tó ń gbé bàtà àwọn ọlọ́jà lọ. Síbẹ̀ òun ni ará Kánádà kan ránṣẹ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kó bá òun kọ̀wé, kó ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń gbá òjò dídì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi ní kán.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó kó purọ́. Àbdùlbàkí kì í purọ́ nínú ìwé. Ó wọ gbàkà, bọ́ọ̀sì akérò Abidjan, ó lọ sí Zone industrielle, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́, ní Yopougon, ó wá Séraphin rí. Ọmọ Ìdàáṣà ni Séraphin, òun ló ń ṣọ́ ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí níbẹ̀.

"Séraphin, jọ̀ọ́, tì mí mọ́ inú ilé yìnyín."

"Kí lo jí?"

"N kò jí nǹkan kan. Iṣẹ́ ni."

"Dis donc! Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbí ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí wọ́n jáde, ìwọ ń bẹ̀ mí kí n tì ọ́ mọ́lé."

Wọ́n fi àdéhùn sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àbdùlbàkí wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì kan, sálúbàtà ẹsẹ̀ méjì, ìwé pélébé àti bíírò. Bí Séraphin ṣe ti ilẹ̀kùn ni ọ̀gá rẹ̀ pè é pé ọkọ̀ ẹja kan ti dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tó rántí, tó sáré ṣílẹ̀kùn, Àbdùlbàkí ló bá lórí páálí ẹja, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Bíírò ti gan, kò kọ̀wé mọ́.

"Àbdùlbàkí! Ṣé o wà láyé?"

Ẹnu rẹ̀ kò tètè là. Nígbà tó là, ó ní: "Ó ti yé mi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kọ ìwé náà, nínú ṣọ́ọ̀bù Ràímì, níbi tó ti ń kọ gbogbo ìwé rẹ̀. Àṣà rẹ̀ ni láti máa ka ohun tó bá kọ fún Ràímì ní Yorùbá kó tó fi ránṣẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ rèé: "Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ kíyè sí lára òjò dídì ni pé ó ń rùn bí ẹja."

Ràímì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ará Ṣakí ni Ràímì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ó sì ti ń ta àgádágodo ní ọjà Adjamé fún ọdún mẹ́rìnlélógójì. Kò mọ ìwé ju nọ́ńbà ara kọ́kọ́rọ́ lọ, àti orúkọ ara rẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé kéwú. Ṣùgbọ́n ohun tó bá mọ̀, ó mọ̀ ọ́n dájú. Àbdùlbàkí ní tirẹ̀ kàwé dé yunifásítì. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú náílọ́ọ̀nù lábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ń gbé e kiri ọ́fíìsì. Gbogbo ọ́fíìsì ló ní àwọn yóò pè é. Ọ̀kan ṣoṣo ló pè, wọ́n ní kó wá mú fáìlì rẹ̀, àyè ti há.

Ìgbà náà ló wá bá Ràímì.

"Bàbá, ẹ fún mi ní igun kan. Iná yín kì í sábà lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dára níbí."

Ràímì nawọ́ sí àyè tó wà láàárín ìdè ilẹ̀kùn àti ògiri. Àbdùlbàkí da korobá ọ̀dà kan dojúbolẹ̀, ó jókòó lé e, ó gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún. Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ló fi jókòó síbẹ̀.

Àwọn oníbàárà Ràímì rò pé akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù ni. Lọ́jọ́ kan àpúrẹ́ńtì gbàkà kan, ẹni tó ń gbowó ọkọ̀, dúró lé e lórí, ó na àgádágodo ńlá kan sí i.

"Patron, eléyìí ńkọ́?"

Àbdùlbàkí ń kọ̀wé nípa òdòdó lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Ẹ gé e lórí, ẹ bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán pa á."

Ọkùnrin náà gbé àgádágodo sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní òun kò mọ̀ pé ìtọ́jú rẹ̀ nira tó bẹ́ẹ̀.

Ó pẹ́ kí iṣẹ́ náà tó yé Ràímì. Ó bi í lọ́jọ́ kan, lórí garba, attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe pẹ̀lú ẹja díndín, tí wọ́n jọ ń jẹ.

"Àwọn tó ń ránṣẹ́ sí ọ, ṣé o mọ̀ wọ́n?"

"Rárá, Bàbá."

"Bí o bá kọ ọ́ tán, orúkọ ta ni wọ́n ń kọ sí i?"

"Tiwọn."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Èmi kò sí níbẹ̀."

Ràímì jẹ attiéké ẹnu rẹ̀ tán. "O bímọ tán, wọ́n gbé e lọ sọ lórúkọ nílé ẹlòmíràn."

Àbdùlbàkí jẹ tirẹ̀ tán. Ó fọwọ́, ó padà sórí korobá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tó ń ka ìwé tuntun fún Ràímì, ìwé nípa ajá tó ń gbó jù, ọ̀kan nínú àwọn ìlà rẹ̀ lọ báyìí: "Madame Ramoulatou, tó ti ń tọ́jú ajá láti ogójì ọdún, ní bí ajá bá ń gbó, ẹ kọ́kọ́ fún un lómi kí ẹ tó bi í léèrè."

Ràímì gbé orí sókè. Ràmúlátù ni orúkọ ìyá Àbdùlbàkí, ará Ìgbòho, tó ń ta ọṣẹ àti kànìnkànìn ní ìsọ̀ kẹta sí tirẹ̀.

"Ìyá rẹ kò ní ajá."

"Mo mọ̀."

"Ó ń sá fún ajá."

"Mo mọ̀, Bàbá. Àmọ́ òun ló sọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ayálégbé wa ló ń ké lánàá, ohun tó sọ fún ìyá ọmọ náà nìyẹn." Ó wo kọ̀ǹpútà. "Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi orúkọ mi sí i. Wọn kò sọ̀rọ̀ orúkọ ìyá mi."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìwé tí Madame Ramoulatou kò sí nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti òdòdó, ó ní ohun tí o kò bá kí láàárọ̀, kò ní dá ọ lóhùn nírọ̀lẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti ibùsùn, ó ní bí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́, wádìí ohun tí o rù lọ́sàn-án, má bá ẹní jà. Wọ́n yọ òórùn ẹja kúrò nínú ìwé òjò dídì, ṣùgbọ́n wọ́n fi Madame Ramoulatou sílẹ̀, níbi tó ti ń sọ pé ẹni tó ń gbálẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́, apá ara rẹ̀ ló ń dá lóró. Oníbàárà kan tiẹ̀ ránṣẹ́ padà. Ó ní ṣé Àbdùlbàkí lè bá òun bẹ ìyá àgbà náà kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àwọn ọlọ́gbà ní ìlú Lyon.

Àbdùlbàkí fèsì pé kò ráyè. Òótọ́ ni. Ọjọ́ ọjà ni.

Ràímì fẹ́ lọ sọ fún obìnrin náà. Àbdùlbàkí dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ má tíì sọ, Bàbá. Ọjọ́ tí mo bá rí ìwé kan tó ní orúkọ tèmi, màá fi méjèèjì hàn án lẹ́ẹ̀kan náà."

Ìdí wà tó fi ń wá ìwé bẹ́ẹ̀. Ní Abidjan, bí ọmọkùnrin kan kò bá lọ́fíìsì, tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, tó sì ń bá òyìnbó tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè é: brouteur, ẹni tó ń lu àwọn èèyàn ní jìbìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn obìnrin ọjà ń bi Ràmúlátù pé iṣẹ́ wo ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Bó bá ní ó ń kọ̀wé, wọ́n á ní kí wọ́n rí i. Kò rí nǹkan fi hàn wọ́n. Wọ́n á sọ pé ó dáa, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á ra ọṣẹ wọn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún jù ni ilé Alhaji Abọ́dúnrìn, bàbá Fàwàsíyà. Fàwàsíyà ni ọmọbìnrin tí Àbdùlbàkí fẹ́ fẹ́. Ràímì ló bá a lọ gẹ́gẹ́ bí àgbà. Wọ́n jókòó, wọ́n kí ara wọn títí, ó wá kan ìbéèrè.

"Ọmọ mi, kí ni ẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń kọ̀wé, Bàbá."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Àbdùlbàkí ṣí kọ̀ǹpútà. Ó fi ìwé òdòdó hàn án. Alhaji fi awò sójú, ó ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Orúkọ Serge kan ni mo rí níbí."

Ó fi ti ajá hàn án. "Orúkọ Alice nìyí." Ó fi ti òjò dídì hàn án. Alhaji bọ́ awò.

"Serge kọ̀wé. Alice kọ̀wé. Mo kí wọn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ má bínú, wọ́n ti sọ fún mi pé brouteur ni yín."

Ràímì kò lè pa á mọ́ra. "Brouteur kẹ̀? Alhaji, brouteur a máa gun mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bàtà rẹ̀."

Gbogbo ilé wo bàtà Àbdùlbàkí. Òun náà wò ó. Kò sí ẹni tó lè jiyàn, ṣùgbọ́n kò sí bàbá tó lè fọmọ fún ẹni tó wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀.

"Ẹ mú ìwé kan wá," ni Alhaji sọ níkẹyìn, "ọ̀kan péré, tó ní orúkọ yín. Ẹ ó mú ọmọ lọ."

Àbdùlbàkí kọ lẹ́tà sí gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi orúkọ òun sí ìwé kan. Mẹ́fà kò fèsì. Méjì ní kì í ṣe àdéhùn àwọn. Ọ̀kan ní àwọn lè fi í sí i bó bá lè pe ara rẹ̀ ní Patrick.

Ọdún kejì lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé dé. Bí o bá bi í ní ìbéèrè, á kọ ojú ìwé mẹ́wàá kí o tó fẹ́ imú tán. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù ń fi ẹ̀rọ mìíràn yẹ ìwé rẹ̀ wò, bóyá èèyàn ló kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ ayẹ̀wò náà ní kì í ṣe èèyàn.

Àbdùlbàkí dìde lórí korobá, ó wá dúró níwájú Ràímì.

"Bàbá, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹ̀rọ ni mí?"

Ràímì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀rọ kì í jẹ garba abọ́ méjì."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Ta ló ń yẹ ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ọ́ wò wò?"

"Kò sẹ́ni kankan, Bàbá."

Oníbàárà náà gbà á nímọ̀ràn pé kó máa fi àṣìṣe díẹ̀díẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè gbà pé èèyàn ni. Ó dùn ún bí ẹni tí wọ́n ní kó máa tiro kí wọ́n lè gbà pé ó lẹ́sẹ̀. Ó fi àṣìṣe mẹ́jọ sí ìwé kan. Ẹ̀rọ gbà á. Oníbàárà náà sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àṣìṣe mẹ́jọ.

Lẹ́yìn náà ló rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀rọ á kọ ìwé, òun á wá tún un ṣe kó lè dà bíi ti èèyàn. Séraphin bi í bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ó ní ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé òkú fún pé kó wẹ̀ ẹ́, kó wọ̀ ọ́ láṣọ, kó sì jẹ́ kó kí àwọn àlejò.

Oṣù kẹta kò tíì pé tí ìyẹn náà fi tán. Ṣùgbọ́n Àbdùlbàkí kò yé wá. Aago mẹ́jọ, ó ti dé. Á ṣí kọ̀ǹpútà, á jókòó tì í bí ọlọ́jà tó pàtẹ tí kò sẹ́ni tó yà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí òun bi ẹ̀rọ náà ní ìbéèrè kan. Ó bi í bí èèyàn ṣe ń gbá òjò dídì. Ẹ̀rọ náà kọ̀wé gbàràgbàrà. Àbdùlbàkí ń kà á fún Ràímì ní Yorùbá, títí ó fi dákẹ́ lójijì.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní: 'Gẹ́gẹ́ bí Madame Ramoulatou ti sọ, ẹni tó ń gbálẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́, apá ara rẹ̀ ló ń dá lóró.'"

Wọ́n jọ wo kọ̀ǹpútà náà. Ariwo ọjà ń lọ níta.

"Ó mọ ìyá mi, Bàbá," ni Àbdùlbàkí wí. "Èmi ni kò mọ̀."

Ibà mú un lọ́jọ́ Jímọ̀, ní Songon lẹ́yìn ìlú, níbi tó ti gba yàrá kan nítorí pé ilé rọjú níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló kú. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun Àsárì. Ó yá bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ keje, Ràmúlátù wá bá Ràímì nílé. Kò jókòó.

"Bàbá Ràímì, ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Lọ́la, Ààfáà máa bi mí pé iṣẹ́ wo ni ọmọ mi ṣe láyé kó tó ṣàdúrà fún un. Kí ni kí n sọ? Ẹ má tàn mí. Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni?"

Ràímì ti ṣèlérí fún Àbdùlbàkí pé òun kò ní sọ̀rọ̀. Ó rò ó. Ó ní, "Ìyá Bàkí, ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́." Nígbà tó lọ tán, ó ránṣẹ́ pe Fàwàsíyà, ó ní kó wá orúkọ kan lórí fóònù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ààfáà béèrè iṣẹ́ olóògbé. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn. Ràímì gbọ́ ọ, ìyá ọmọ náà sì gbọ́ ọ. Ràímì mi orí sí Fàwàsíyà. Ọmọbìnrin náà dìde. Abidjan ni wọ́n bí i, Yorùbá rẹ̀ ń tiro, ṣùgbọ́n kò dúró.

"Ó ń kọ̀wé. Mo wá wọn, mo rí trente-sept, mẹ́tàdínlógójì. Mo fẹ́ kà díẹ̀." Ó gbé fóònù sójú. "Èyí, ti òdòdó ni. Madame Ramoulatou ní ohun tí o kò bá kí láàárọ̀, kò ní dá ọ lóhùn nírọ̀lẹ́."

Ràmúlátù gbé orí sókè. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. C'est vous. Èyí, ti ibùsùn ni. Madame Ramoulatou ní bí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́, wádìí ohun tí o rù lọ́sàn-án, má bá ẹní jà."

"Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn! Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún bàbá rẹ̀ ni!"

"Èyí, ti ajá. Madame Ramoulatou, tó ti ń tọ́jú ajá láti ogójì ọdún..."

"Èmi? Ajá?" Obìnrin náà dìde dúró. "Ajá tí mo máa ń ṣílẹ̀kùn sá fún! Ha! Ọmọ yìí! Ó sọ mí di ẹlẹ́ran ọ̀sìn láàárín àwọn òyìnbó!"

Séraphin ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kí gbogbo àgbàlá tó gbà á. Ààfáà gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Ràmúlátù rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Kò tún un wé. Ó jókòó, ó na ọwọ́, Fàwàsíyà sì gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́. Kò mọ ìwé. Ó fi ìka tọ ojú fóònù náà lọ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

"Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí," ló sọ fún Ààfáà. "Ó ń kọ ohun tí mo bá sọ."

Nígbà tí àdúrà parí, Alhaji Abọ́dúnrìn sún mọ́ Ràímì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Orúkọ ìyá ni mo gbọ́. Orúkọ tirẹ̀ ńkọ́? Èmi ni mo ní kó mú ọ̀kan wá."

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi," ni Ràímì wí.

Ó wá lọ́jọ́ kejì. Páálí kan ló bá lára ògiri, lókè korobá ọ̀dà. Ó fi awò sójú, ó kà á, ó tún un kà. Ó bọ́ fìlà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí ibà mú Àbdùlbàkí ni páálí náà débẹ̀. Àbdùlbàkí ti pa kọ̀ǹpútà dé láti ọ̀sán. Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ ti tán."

"Kò tán. Èmi ní iṣẹ́ fún ọ." Ràímì ya etí páálí kan, ó gbé bíírò aláwọ̀ dúdú lé e lórí. "Kọ̀wé nípa àgádágodo fún mi. Kí àwọn oníbàárà lè máa kà á."

Àbdùlbàkí mú àgádágodo kan, ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. Ó ronú pẹ́ ju bó ṣe ronú lórí òjò dídì lọ. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́, ó sì kà á ní Yorùbá: "Àgádágodo yìí kò gbọ́n, kò sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ni ín."

"Ó dára," ni Ràímì wí. "Parí rẹ̀."

"Ó ti parí."

"Orúkọ kò sí lábẹ́ rẹ̀."

"Orúkọ ta ni kí n kọ, Bàbá? Tiyín?"

"Ta ló kọ ọ́?"

Àbdùlbàkí wò ó. Ó tẹ̀ síwájú, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ ìwé náà ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, ó sì ń wò ó bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀ tó ti pẹ́ tó ti rí.

"Ó kéré," ló wí.

"Ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí i."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ìṣó kan páálí náà mọ́ ògiri, ó fi náílọ́ọ̀nù wé kọ̀ǹpútà rẹ̀ nítorí ojú ọ̀run ti ṣú.

"Ó dàárọ̀, Bàbá."

"Yára, òjò ń bọ̀."

"Òjò lásán ni," ni Àbdùlbàkí wí. "Kò rùn bí ẹja." Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì jáde lọ.